Ìdákẹ́jẹ́ Inú Orin "Gbọ́ Mi"

Orin tí Ọ̀gá Ògúnsànyà, tó ń tẹ dúrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ yẹn, bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. "Gbọ́ Mi" ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ọmọ tí kò tíì wọ bàtà iléèwé lè há a sórí kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi kọ ọ́! Àwọn sópránò á dúró lórí fá, àwọn áltò á dúró lórí mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an, wọn ò ní sún fún ara wọn, bí èèyàn méjì tó jókòó sórí àga ẹlẹ́nì kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dìde. Ohùn méjèèjì á máa ha ara wọn títí tí eyín ẹni tó ń gbọ́ á fi máa yún un. Lábẹ́ wọn, àwọn básì á máa kùn, wọ́n á kùn tó bẹ́ẹ̀ tí eruku á fi máa jó lórí pẹpẹ. Kò sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn ti lè ju ìdí. Ọ̀gá Ògúnsànyà ní bí ọkàn ẹni tó wà nínú wàhálà ṣe ń dún nìyẹn, pé òun ò tíì rí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ tó fi ohùn dídùn ké.

Gbogbo ìyẹn ò burú. Ibi tó ń já Morìnsọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn sópránò, láyà wà láàárín. Bí gbogbo kúáyà bá ti pariwo "Gbọ́ mi!" bí ẹni pé páànù òrùlé á ṣí, orin á dákẹ́. Dúrù á dákẹ́. Básì á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà á gùn, á gùn, bí ọ̀nà oko ẹni tí ebi ń pa, títí ọwọ́ Ọ̀gá á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, Morìnsọ́lá nìkan, láìsí dúrù, láìsí ẹni tó máa sọ ohùn sí i létí, ni yóò ya ẹnu tí yóò fa ohùn kan jáde láti inú òfìfo. Orí ohùn kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo àwọn tó kù máa gùn, títí dúrù náà á fi wọlé lópin bí ààrá. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì, gbogbo ilé á ṣì tẹ̀lé e, dúrù á sì wá wọn dé ibi tí wọn ò sí.

Bàbá Láwàl, tí í ṣe Bàbá Ìjọ wọn ní Ìkòròdú, kórìíra orin yìí bí ọmọdé ṣe kórìíra abẹ́rẹ́. Lójú rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì dà bí kòtò lójú títì: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló gbọ́dọ̀ dí i. Bí oníwàásù bá dúró láti gbé itọ́ mì, Bàbá Láwàl á ti fi "Aleluya!" dí ibẹ̀. Aleluya rẹ̀ kì í sì í ṣe ti eré o. Ó ti lé àwọn àdán kúrò ní àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn àdán náà ò padà wá títí dòní. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé bá wọn níbi ìdánrawò, inú àlàfo yẹn ló máa ń ju tirẹ̀ sí.

"Ògúnsànyà, orin wo lèyí?" ló bèèrè lọ́jọ́ kan. "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tí kò rí i."

"Ó máa yé yín tó bá yá, sà."

"Tó bá yá? Ẹ̀pẹ́ là ń lọ o! Gbogbo kúáyà àgbègbè wa ló fẹ́ kọrin níbẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí dójú tì mí láàárín àwọn èèyàn, kọ́kọ́rọ́ dúrù yẹn, orí tábìlì mi ni kó sùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tó ń fi kíbọ́ọ̀dù jó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ."

Ọ̀gá Ògúnsànyà kàn mi orí. Ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń ta bí okùn ìfàmi.

Láti ìgbà tí Morìnsọ́lá ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sá kiri àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkùnrin yìí ti jókòó nídìí dúrù yẹn. Òun ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ dò, rẹ́, mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un, tí Morìnsọ́lá ń fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn bí ọmọ tó ń ta súwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú òyìnbó. Bí wọ́n bá gba dúrù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣe? Òun náà ló sì fojú fo àwọn tó ti lọ kọ́ orin ní yunifásítì, tó ní Morìnsọ́lá ni òun fẹ́ níbi ohùn kan yẹn. "Ọmọbìnrin yìí kì í ṣì í," ló sọ fún wọn. "Ẹ lọ jókòó."

Òótọ́ ni, kì í ṣì í. Ìdí tí kì í fi í ṣì í gan-an ni àṣírí rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni.

Iná kì í sí ní ìrọ̀lẹ́ ìdánrawò. Jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkòròdú, arúgbó tó ń wúkọ́ èéfín, tó ń kùn lórí ohùn kan ṣoṣo láìyẹ̀. Morìnsọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Indọ́sítíríà, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ ń kùn sí i létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ti mọ́ etí rẹ̀ lára láti máa fara ti ohùn ẹ̀rọ bí arúgbó ṣe ń fara ti ọ̀pá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tí Ọ̀gá Ògúnsànyà fi òógùn rẹ̀ kọ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ò dákẹ́. Ohùn tí Morìnsọ́lá ń wá náà ló ń kùn, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó kàn ń gbé e sókè ni. Àwọn tó kù rò pé áńgẹ́lì ló ń sọ ọ́ sí i létí.

Lateefat nìkan ló mọ̀. Áltò ni Lateefat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Orúkọ tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rẹ̀ nínú kúáyà.

"Nítorí náà, tí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ ti lọ nìyẹn?" ni Lateefat bi í, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní gìgísẹ̀.

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀, Latee. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni màá sọ fún? Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Nígbà tí ọjọ́ Ẹ̀pẹ́ pé, wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta. Ọjọ́ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláǹgbá fi ń tò sí òjìji òpó iná. Wọ́n gba Ìmọ̀tà kọjá, àwọn ténò ń jẹ ẹ̀pà, Bàbá Láwàl jókòó níwájú, fìlà rẹ̀ dúró bí ilé alájà méjì. Ọ̀gá Ògúnsànyà ń fi ìka tẹ dúrù tí kò sí lórí itan rẹ̀. Morìnsọ́lá ń gba ara rẹ̀ níyànjú: ibi gbogbo ní Nàìjíríà ló ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀pẹ́ wà ní Nàìjíríà. Ó tán.

Etí ọ̀sà ni ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà wọ́n lálejò wà. Morìnsọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti mọ̀ kí ẹsẹ̀ kejì tó kan ilẹ̀. Etí rẹ̀ na ọwọ́, kò bá ohunkóhun. Ó lọ bá bàbá tó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, sà. Jẹnẹrétọ̀ yín ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀? A ti lé e lọ! Iná sólà là ń lò báyìí." Bàbá náà nàka sí òrùlé bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun hàn. "Ẹ gbọ́ bí ibí ṣe dákẹ́? Bí eṣinṣin bá họ imú, ẹ óò gbọ́ ọ."

Morìnsọ́lá sáré wọlé.

Alhaja Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ló kọ́kọ́ rí i. Alhaja ti kí ìrun ọ̀sán, ó ti wé gèlè, ó sì ti gba àga tó súnmọ́ fèrèsé jù. Ó ní òun wá gbọ́ ọmọ òun, ẹni tó bá ní òun ò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó wá gbé òun sọ síta kí òun rí i.

"Morìn! Kí ló ń ṣe ọ́? Ojú rẹ funfun bí inú àgbọn."

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Irọ́ lò ń pa. O ti jẹun?"

Morìnsọ́lá ti ń wá Ọ̀gá Ògúnsànyà. Ó bá a níwájú dúrù, ó ń fi aṣọ nu eyín dúrù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Sà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́ kíá. Àwa ló kàn."

"Ohùn yẹn, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Èwo ni o ò mọ̀? Ohùn tí o ti ń mú láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ara jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń mú un, sà."

Ọ̀gá Ògúnsànyà wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹṣin tí òun ti ń gùn láti ọdún yìí wá, ewúrẹ́ ni.

"Jẹnẹrétọ̀?"

"Ẹ dákun, sà. Ẹ bá mi fi ìka kan tẹ dúrù níbẹ̀. Díẹ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ó rò ó. Morìnsọ́lá rí i pé ó rò ó, nítorí ìka rẹ̀ ti ń sún lọ sí orí eyín náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Morìn, kí lo rò pé mo fi àyè yẹn sílẹ̀ fún?"

"Kí àwọn èèyàn lè mí ni, sà."

"Rárá o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Ọlọ́run tán ni níbẹ̀ yẹn. A ní kó gbọ́ wa. Ẹni tó bá pe èèyàn, ṣé kò ní dúró gbọ́ bóyá wọ́n dá òun lóhùn? Bí mo bá lọ tẹ dúrù níbẹ̀, èmi ni mo dá wa lóhùn yẹn. Irọ́ ni mo pa."

"Bí mo bá wá ṣì í ńkọ́, sà? Wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín."

Lẹ́yìn wọn, Bàbá Láwàl ti ń pàtẹ́wọ́: "Ìkòròdú! Ẹ dìde! Àwọn èèyàn ń wò wá!"

Wọ́n tò. Lateefat gbá ọwọ́ Morìnsọ́lá mú lábẹ́ aṣọ. Ọ̀gá Ògúnsànyà mi orí, básì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìjọ Ẹ̀pẹ́ kọ́kọ́ rò pé nǹkan bàjẹ́ ni. Nígbà tí sópránò àti áltò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn, obìnrin kan ní ìlà iwájú fi ìka ro etí. Ẹnì kan wo òkè, bóyá àwọn míìkì ló ń hu. Kúáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ń fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn níhà. Bàbá Láwàl rí wọn. Morìnsọ́lá rí Bàbá Láwàl tó rí wọn. Ojú bàbá náà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Orin náà ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń gùn sí i, ó ń le sí i, ohùn ń gun orí ohùn bí àwọn tí omi ń lé gun àjà, títí gbogbo wọn fi jọ pariwo lẹ́ẹ̀kan:

"Gbọ́ mi!"

Ó dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí. Èyí wúwo. Ó jókòó lé èjìká gbogbo ìjọ. Morìnsọ́lá gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú etí rẹ̀, ó gbọ́ irùngbọ̀n ẹnì kan tó ń hù. Ọwọ́ Ọ̀gá Ògúnsànyà wà lókè. Morìnsọ́lá wá ohùn náà nínú orí rẹ̀, kò rí i. Ó wá a nínú ọ̀fun, kò sí níbẹ̀. Ó rí Bàbá Láwàl tó ti na ọrùn síwájú, tí àyà rẹ̀ ti wú fún Aleluya. Bí Aleluya yẹn bá bọ́ sílẹ̀, ó parí fún gbogbo wọn. Ẹnu bàbá náà là. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé ọmọdé inú ìjọ gan-an ò mira. Ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà bẹ́ẹ̀, ohunkóhun ò jáde.

Ọwọ́ Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Nígbà náà ni ọkọ̀ ojú omi kan kọjá lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ tó ń kó èrò ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹni tó ń wà á ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná mọ́ ọn. Ìró náà gba fèrèsé Alhaja wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ṣùgbọ́n etí tó ti ń fara ti ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́ ò bi olúwa rẹ̀ kó tó fara tì í. Kí Morìnsọ́lá tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti yà, ohùn ti jáde: "Gbọ́..."

Ó ti ga jù. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó ga jù nìkan, kò sí lórí dúrù rárá. Ó wà ní àlàfo láàárín eyín méjì, níbi tí ìka ẹ̀dá ò lè dé. Ó rí Lateefat tó yọ ojú síta bí ẹyin. Ó fẹ́ dákẹ́. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀ ti pa orin, ó ti pa Ọ̀gá, nítorí náà ó di ohùn náà mú bí ẹni di ẹ̀ka igi mú lórí kànga. "...mi," ló wí.

Lateefat wọlé. Kò wá ohùn tí wọ́n kọ sínú ìwé; ohùn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì mú ló wá. Àwọn áltò wọlé tẹ̀lé e. Ténò gbọ́ áltò, ojú wọn pọ́n, wọ́n gòkè. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn gun orí ohùn àṣìṣe yẹn, kò sì sí ẹni tó já bọ́.

Ibi tí dúrù máa wọlé wá ń bọ̀. Ojú Morìnsọ́lá ò kúrò lára Ọ̀gá. Odidi ìgbà òjò kan ni ọkùnrin yìí fi kọ apá dúrù yẹn. Oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀, kò mọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí dúrù. Ó fetí sílẹ̀. Ó mú ìka kan wálẹ̀, kò kan dúrù. Ọwọ́ náà dúró nínú afẹ́fẹ́. Bàbá Láwàl ń wo ọwọ́ náà, gbogbo Ìkòròdú ń wò ó. Ọ̀gá Ògúnsànyà wá rọra gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan ara rẹ̀, ó sì mi orí sí Morìnsọ́lá: máa lọ.

Ibo ló kù tó máa lọ? Òkè ni. Ìparí orin náà, sópránò gbọ́dọ̀ gun òkè kan tó ń mú wọn làágùn ní Ìkòròdú nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n wà báyìí, òkè náà ti kọjá òrùlé. Àwọn sópránò tó kù ń jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ń wúkọ́, òmíràn kàn ń ya ẹnu lásán. Ó ku òun nìkan. Ó fa èémí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ pẹpẹ mọ́ra, ó pa ojú dé, ó sì gùn ún.

Ohùn náà jáde, kò dùn. Ó ya létí bí aṣọ tuntun tí wọ́n fà ya. Àwọn ẹja inú ọ̀sà yọ orí, àwọn ẹyẹ Ẹ̀pẹ́ sún síwájú kí ó lè rí àyè kọjá. Gbogbo áltò àti ténò àti básì ró mọ́ ọn lábẹ́, wọn ò jẹ́ kó wó. Ó dì í mú títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń gbóná bí pẹ́pẹ́lẹ́ ààrò. Orin náà wá parí.

Ẹnì kan nínú ìjọ sọ pé "Háà," ariwo sì bẹ́.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, Bàbá Láwàl dá Ọ̀gá Ògúnsànyà dúró.

"Dúrù dà?"

Ọ̀gá Ògúnsànyà fi ìwé orin rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Mo ní dúrù dà, Ògúnsànyà? Mo rí ọ. O ká ọwọ́ lé itan bí àlejò. Kí la wá ń fi olórin dúrù ṣe, bí kò bá tẹ dúrù?"

Ọ̀gá Ògúnsànyà ò di ẹ̀bi ru Morìnsọ́lá. "Mi ò tẹ̀ ẹ́, sà. Òótọ́ ni."

Morìnsọ́lá sáré bọ́ sáàárín wọn. Ó ya ẹnu láti sọ pé òun ni, pé òun ló mú ohùn gíga jù, pé bí Ọ̀gá bá tẹ dúrù ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ì bá fọ́. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ohùn ti lọ pátápátá. Ó tún gbìyànjú, ó dún bí táyà tó ń jò. Ó wá ń fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, omijé ń bọ́.

"Ìwọ lo ní kó má tẹ̀ ẹ́?" ni Bàbá Láwàl bèèrè.

Ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ máa já.

"Ẹ̀yin bàbá yìí!" Alhaja Kúbúrá ti dé, ó ti fa Morìnsọ́lá mọ́ra. "Dúrù wo lẹ tún ń wá? Èmi tí mo wà létí fèrèsé, gbogbo ara mi ló dìde, títí kan eyín tí mo ti yọ! Ẹ wá jókòó síbẹ̀ tí ẹ ń bèèrè dúrù. Ṣé ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ ni?"

"Bàbá wà níbẹ̀, mà," ni Lateefat fi ọ̀yájú dá a lóhùn. "Wọ́n la ẹnu láti ṣe Aleluya. A rí wọn. Kò jáde."

Ẹ̀rín sá mọ́ àwọn básì lọ́fun. Bàbá Láwàl wo Lateefat bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di iyọ̀. Ó wo Ọ̀gá Ògúnsànyà, ó wo ọmọbìnrin tó ń sunkún láìní ohùn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó nu orí, ó dé e padà.

"Kò jáde lóòótọ́," ló sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. "Ẹ wọ mọ́tò. Ògúnsànyà, ìkórè ò jìnnà mọ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í wo èyí tí ẹ máa kọ. Kí ó má gùn jù o."

Ó gòkè lọ jókòó níwájú. Kò mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Ọ̀gá Ògúnsànyà jókòó ti Morìnsọ́lá. Ó yọ ìwé orin náà, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà gígùn kan gba gbogbo apá dúrù tó wà lópin kọjá, ó sì ṣí ojú ìwé padà sí ibi ohùn kan ṣoṣo yẹn.

"Èyí tí o mú lónìí," ló wí, "ó dára ju èyí tí mo kọ lọ. Ṣé o lè tún un mú báyẹn nígbà ìkórè?"

Morìnsọ́lá mi orí rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mi rárá. Ó fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ bọ́ọ̀sì.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni Ọ̀gá Ògúnsànyà wí, ó sì kọ ohùn náà sínú ìwé.